Èékánná

Mètírì Láléyè kọ méjì sójú pátákó ní Kétu:
ọ̀rọ̀ kan fún ti ènìyàn,
òmíràn fún ti ológbò.
"Ẹ má dà wọ́n pọ̀ o." Ẹfun ta sí i nímú.

Mo délé, mo bá Ìyá Àgbà lábẹ́ igi òroǹbó,
ó ń fi abẹ gé ti ọwọ́ òsì rẹ̀.
Kí la ń pe eléyìí? Èékánná.
Ti adìyẹ tó ń họlẹ̀ ńkọ́? Èékánná.
Ti àṣá tó gbé ọmọ rẹ̀ lánàá?
Ó gbójú sókè:
"Àbí kí ni kí n pè é, ṣíbí?"

Níbo ni ọ̀rọ̀ náà ti wá? Kò mọ̀.
Ó bá a lẹ́nu ìyá rẹ̀,
ìyá rẹ̀ náà bá a nílẹ̀,
bí a ṣe ń bá ọ̀nà.

Lọ́dún kejì, Ọlọ́fínjì àbúrò bàbá mi kú sí Gàbọ̀n.
Owó tí wọn ì bá fi gbé e wálé ga ju òrùlé wa lọ.
Àpò ìwé kékeré ló dé:
irun díẹ̀, èékánná mẹ́wàá.
Ìyá Àgbà dà wọ́n sí àtẹ́lẹwọ́, ó kà wọ́n, ó tún wọn kà.
Ti àtàǹpàkò ṣì dúdú níbi tí òòlù gbá a sí.
"Òun nìyí."

Ihò náà kò jìn.
Ológbò kan na ara lórí ògiri,
ó yọ tirẹ̀, ó tún kó o padà.
Mo wá ọ̀rọ̀ méjì Mètírì tì.
Ọ̀kan ṣoṣo la sin,
òun náà la sì fi họ erùpẹ̀ bò ó.