Bàtà Ẹlẹ́rẹ̀ Lẹ́nu Ọ̀nà

Aago márùn-ún ìdájí. Òjò ń ta lórí òrùlé olókùúta pẹlẹbẹ.
Inú Bíbélì ni wọ́n ti yọ orúkọ ìlú wa, Bẹ́tẹ́sídà,
ṣùgbọ́n kò sí adágún tí áńgẹ́lì ń rú níhìn-ín;
òkè ló wà, àti òjò, àti àgùntàn.
Gethin ò tíì ti ibi iṣẹ́ òru dé,
nítorí náà èmi ni mo ni tábìlì, èmi ni mo ni iná,
èmi ni mo ni ìlànà ẹ̀kọ́ tí n kò tíì kọ tán:
ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, fún àwọn ọmọ ọdún mẹ́jọ.
Mo gé búrẹ́dì sí mẹ́rin kí n lè fi dánra wò.
Nanw jí, ó wọlé, ó jẹ ìdá kan.
"Mélòó ló kù?" ni mo bi í.
"Ebi ṣì ń pa mí," ni Nanw wí.
Mo wá irú ìdáhùn yẹn nínú ìwé olùkọ́. N kò rí i.

Ẹni ọdún mọ́kàndínlógójì ni mí, mo tún di akẹ́kọ̀ọ́.
Ní kíláàsì, "Mísì" ni mí.
Ní yunifásítì, nọ́ńbà ni mí lára káàdì.
Nílé, "Mam" ni, orúkọ tí wọ́n fi ń wá ìbọ̀sẹ̀,
tí wọ́n fi ń bèèrè omi, tí wọ́n fi ń fẹjọ́ ara wọn sùn
nígbà tí mo bá ń kàwé lọ́wọ́, tí ojú mi ti ń kú.

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.
Àgùntàn ìlú yìí ò mọ díẹ̀díẹ̀:
gbogbo ara ló fi wọ ọgbà mi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun,
ó jẹ kábéèjì tán, ó wá ń wò mí lójú fèrèsé
bí ẹni tí ìjọba rán wá yẹ iṣẹ́ mi wò.

Ẹni tí wọ́n rán gan-an dé lọ́jọ́ kejì.
Ìyáàfin Prydderch, ó jókòó sẹ́yìn, bírò lọ́wọ́.
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ilà sára pátákó ni Iolo nawọ́:
"Mísì, níbo ni òkè ń lọ bí kùrukùru bá gbé e mì?"
Mo fi ìdá sílẹ̀. Kí ni ǹ bá ṣe?
Mo ní mo wà nínú kùrukùru náà ní Sátidé,
mo na ọwọ́ mi síwájú báyìí,
ìgbọ̀nwọ́ mi hàn, ọrùn ọwọ́ hàn fẹ́ẹ́rẹ́, ìka ò sí mọ́.
"Ìdá mélòó ló ṣẹ́ kù?" ni ọmọbìnrin kan bi mí láti ẹ̀yìn.
Gbogbo kíláàsì na ọwọ́, wọ́n ń wọn ara wọn.
Ìyáàfin Prydderch kọ ọ́ sílẹ̀ pé:
*Ó yà kúrò lórí ẹ̀kọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin.*

Bàbá mi fọ́ òkúta fún ọgbọ̀n ọdún lára òkè yẹn.
Kò mọ ohun tí í gbé èèyàn gun òkè lọ́fẹ̀ẹ́.
"Àwa, wọ́n ń sanwó fún wa ni," ni bàbá máa ń wí,
á sì wúkọ́, á sì yíjú sí tẹlifíṣọ̀n.
N kò rí àlàyé ṣe fún un. Lókè, kò sẹ́ni tó ń pè mí.
Atẹ́gùn ń gbá mi létí, kò bi mí ní nǹkan kan.

Alẹ́ Ẹtì. Omi ìwẹ̀ àwọn ọmọ ti dé àtẹ̀gùn.
Gethin sùn lórí àga tòun ti bàtà.
Wọ́n ní kí n kọ ẹgbàá ọ̀rọ̀, ẹgbẹ̀ta àti mọ́kànlá ni mo ní.
Bàbá wọlé, kò kí ẹnikẹ́ni,
ó gbé bàtà ìgòkè mi lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọ̀bẹ ha ẹrẹ̀ kúrò,
ó fi ìka kó ọ̀rá nínú agolo, ó ń fi pa awọ rẹ̀.
"Bàbá, n ò lọ lọ́la. Mo ní ìwé láti kọ."
Kò fèsì.
Ó parí ọ̀tún, ó mú òsì.