Ojú Ewé Kan

Ojú ewé kan ṣoṣo ni wọ́n fún mi lóṣù,
mo sì fẹ́ kó gbogbo Karu sínú rẹ̀:
iná, ìbò, owó ilé tó gun àjà,
kòtò ojú ọ̀nà Keffi.

Fadérera kà á, ó yán.
"Ọ̀nà kan ò wọjà lóòótọ́,
ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ta ló ń tọ mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan?"

Mo jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn, eruku ọyẹ́ ń bo ìwé.
Habu ti ọmọlanke omi kọjá,
kẹ́ẹ̀gì méjìlá, ọ̀kan ń jò.
Mo tọ ipa omi náà dé ìdí ẹ̀rọ.

Mo pa ìbò rẹ́. Mo pa Keffi rẹ́.
Mo kọ "Omi" sókè.
Mo tún pa á rẹ́,
mo kọ: "Kẹ́ẹ̀gì Habu tó ń jò."