Ẹ Má Wo Bọ́ọ̀lù

Ní Paysandú, lẹ́bàá odò, òtútù oṣù keje ń gé ni létí.
Àwa mẹ́rìnlá nínú kíláàsì, à ń gbé ife maté kiri láàárín ara wa:
awakọ̀ tírélà kan, olùkọ́ ìṣirò méjì,
èmi oníbúrẹ́dì, tí ìyẹ̀fun ṣì wà léèékánná mi.

Zulma Irigoyen tan fídíò, ó ní:
"Ẹ má wo bọ́ọ̀lù.
Ẹ yan ẹnì kan. Ẹ tẹ̀ lé e títí fèrè á fi dún."

Ìdíje ọdún tó kọjá ni. Ẹgbẹ́ tèmi.
Mo yan Eliseo, nọ́ńbà mẹ́jọ,
ọmọ tí mo lé nítorí kì í sáré.

Ìṣẹ́jú kẹrìnlá: ó ń rìn.
Mo ní, "Ẹ ò rí i? Ọ̀lẹ."
Zulma dá a padà. "Wo ẹ̀yìn rẹ̀."
Ẹni tó ń ṣọ́ apá òsì ti sá lọ síwájú bí ẹni tí wọ́n ń lé,
ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu;
Eliseo sì ti rọra bọ́ sẹ́nu ọ̀nà náà, ó dúró.
Ìgbà mọ́kànlá ni mo kà.
Ẹnì kankan ò gba ibẹ̀ kọjá.
Ẹnì kankan ò dúpẹ́.

Wọ́n ń jiyàn lórí mẹ́rin-mẹ́ta-mẹ́ta,
ṣọ́ọ̀kì ń dá mọ́ mi lọ́wọ́.
Ó ń to ọsàn sínú páálí báyìí, ní èbúté.

Máàkì mẹ́fà nínú méjìlá ni wọ́n fún mi.
Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo kó búrẹ́dì gbígbóná sápò, mo kọrí síbẹ̀.
N ò tíì mọ ohun tí mo máa sọ.
Mo kàn mọ ibi tó máa dúró sí.