Ọ̀nà Kékeré Ni

"Ọ̀nà kékeré ni," ni bàbá mi máa ń wí
nínú pálọ̀ wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, bí ọ̀rọ̀ bá kan Òde-Omi.
"Mo gbé aṣọ ilé-ìwé lérí, mo tẹ etí òkun,
kí oòrùn tó ga mo ti jókòó sídìí ìdánwò."
Ó kú lọ́dún tó kọjá. Mo wá fẹsẹ̀ ara mi wọn ọ̀nà náà.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ kí a tó kúrò lábúlé,
òjò oṣù Agẹmọ, tí ń rọ̀ bí ẹni wá sin gbèsè.
Ọlọ́kadà mẹ́ta wo ojú ọ̀run,
wọ́n ní alùpùpù àwọn kì í ṣe ọkọ̀ ojú omi.
Ìyá Efúnkọ̀yà nìkan ló dìde,
ó ká ìró dé orúnkún, ó mú ọ̀pá kan dání,
ó wo bàtà mi, kò sọ nǹkan kan.

Òkun ń bẹ lọ́wọ́ òsì, irà ń bẹ lọ́wọ́ ọ̀tún,
ọ̀nà wa jẹ́ okùn tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín ẹni méjì tó ń fà á.
Àwọn akàn ti sá kúrò nínú ihò,
wọ́n ń gun igi àgbọn bí ẹni pé àwọn ló gbìn ín.
Ìgèrè kan tí omi já gbà léfòó kọjá,
ẹja kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí ń rìnrìn-àjò lọ́fẹ̀ẹ́.

Gàárì tí mo dì sápò ti mu omi yó,
ó wú, ó ń yọjú lẹ́nu àpò bí ẹni pé a pè é.
"Jẹ ẹ́," ni Ìyá wí, "gàárì Ìjẹ̀bú ni, omi kì í bà á jẹ́."
A dúró sínú òjò, a ń fọwọ́ bù ú,
iyọ̀ òkun tí afẹ́fẹ́ ń fọ́n sí wa lẹ́nu la fi jẹ ẹ́.

Bàtà mi ọ̀tún bọ́. Mo wá a. Irà gbé e mì,
ó gùnfẹ̀ bí àgbà tó jẹun yó.

Ìgbà tí a dé ẹnu ọ̀sà, ọ̀nà tán.
Níbi tí ó yẹ kí iyanrìn wà, omi pupa ń wọnú omi dúdú,
odidi igi, ewé ìko, òrùlé ilé ìdáná ẹnìkan,
gbogbo wọn ń sáré lọ bí ẹni tó pẹ́ dé ọjà.
Orúnkún mi ń gbọ̀n, mi ò ní purọ́.
"Ìyá, báwo ni bàbá mi ṣe ń la ibí kọjá?"

Ó nu omi ojú, omi mìíràn rọ́pò rẹ̀.
"Ta ló sọ fún ọ pé ó là á kọjá?
Mo fi ọdún mẹ́ta jù ú lọ. Mo mọ̀ ọ́n wẹ̀, òun kò mọ̀ ọ́n.
Èmi ni mo pọ̀n ọ́n, tòun tàpò ìwé rẹ̀,
ó ń sunkún sí mi lọ́rùn, ó ń kà á lọ:
méjì lọ́nà méjìlá, mẹ́rìnlélógún.
Mo sọ ọ́ kalẹ̀ lódìkejì, mo padà wá kó ìgèrè mi.
Àárọ̀ márùn-ún ni."

Àárọ̀ márùn-ún. Bàbá mi,
ẹni tí kì í gbàgbé ọjọ́ ìbí ẹnikẹ́ni,
kò rántí dárúkọ ẹ̀yìn tó gbé e.
Ọ̀nà kékeré ni lóòótọ́:
kò fẹ̀ ju ẹ̀yìn ọmọbìnrin kan lọ.

A sá sábẹ́ ahéré àwọn apẹja títí omi fi fà díẹ̀.
Mo ní kó gun ẹ̀yìn mi. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń húkọ́.
"Ẹ̀yìn ẹni tí kò lè tọ́jú bàtà?"
Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó fi ọ̀pá wá ìsàlẹ̀,
ó ní ìpàkọ́ òun ni kí n máa wò.
Omi dé ìbàdí, ó dé àyà, ó tún padà sí ìbàdí.
Mo ń ka méjì lọ́nà méjì lábẹ́ ahọ́n.

Ní Òde-Omi, lábẹ́ páànù ìsọ̀ kan tí ń jò,
mo fún un ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún tí a jọ fi àdéhùn sí.
Owó náà rin gbingbin. Ó tẹ́ ẹ sórí itan, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì,
ó sì tún na ọwọ́.
"Èyí tìrẹ ni," ni ó wí.
"Ti bàbá rẹ ńkọ́?"