Ẹ̀bi Ta Ni

Ẹ̀bi Ta Ni ni bàbá mi sọ ajá yìí,
ó fi ń bá aládùúgbò kan wí lórí ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀.
Bàbá ti lọ. Aládùúgbò náà ti kó lọ sí Ìmọ́tà.
Orúkọ ló kù, àti ajá.

Nígbà tí a kọ́lé sí Odògúnyàn, koríko ló yí wa ká.
Àwọn tó ń yọ́ irin dé lẹ́yìn wa.
Òru ni wọ́n ń tú èéfín sílẹ̀,
bí ẹni ń da omi ìdọ̀tí sójúde onílé tó ti sùn.
Bí ilẹ̀ bá mọ́, a lè fi ìka kọ orúkọ wa
sórí ìdérí kànga.
Aṣọ ilé-ìwé funfun tí a sá sórí okùn
á ti dúdú kó tó gbẹ.

Ajá kì í ka ìwé ìkìlọ̀.
Etí gọ́tà ẹ̀yìn ọgbà wọn ló fẹ́ràn,
torí omi ibẹ̀ máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ lásìkò ọyẹ́.
Ibẹ̀ ló ń sùn, ibẹ̀ ló ti ń mumi,
á wálé, á fi ẹnu tó pọ́n bí ìpẹtà lá mi lọ́wọ́.

Oṣù Òkúdù ni mo fọwọ́ kan kókó lábẹ́ ọmú rẹ̀,
kò ju ẹyọ àgbàdo kan lọ.
Nígbà tí iṣu tuntun fi dé, ó ti tó ẹyin àparò.
Dókítà ẹran ní Sábó tẹ̀ ẹ́ wò,
ó dákẹ́, ó béèrè ibi tí à ń gbé.
Odògúnyàn. Ó kọ ọ́ sílẹ̀.
"Ìkẹrin rèé lóṣù yìí," ló wí.
"N kò lè búra pé èéfín ni. Ṣùgbọ́n mò ń kà wọ́n."

Abọ́sẹ̀dé, ìyàwó mi, ló di ajá mú lórí tábìlì.
Kò fọhùn títí a fi sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́.
Lálẹ́, ó pa iná,
ó fa ọwọ́ mi, ó gbé e sábẹ́ apá òsì ara rẹ̀.
Ẹyọ àgbàdo.
Ó ní láti ìgbà ààwẹ̀ lòun ti mọ̀.

A ti gba káàdì ní ọsibítù. Èsì là ń retí.

Láàárọ̀ yìí ajá tún sá lọ.
Mo dúró síwájú géètì wọn, mo ń pè é,
"Ẹ̀bi Ta Ni! Ẹ̀bi Ta Ni o!"
Máígádì yọjú, ó wò mí tìyanutìyanu:
"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá ò sí nílé."
Ajá nìkan ló jẹ́ mi,
ó ń ju ìrù bọ̀ láti ẹ̀yìn ọgbà,
ẹnu rẹ̀ ń kán tó, tó, tó.