Àpá Ara Àwo

Bàbá Akíntimẹ́hìn, ẹ̀gbọ́n ìyá mi,
ta kòkó ọdún kan ní Òǹdó,
kò ra páànù, kò ra kẹ̀kẹ́.
Ó ra gírámàfóònù,
ó ra àwo kan péré lé e,
àwo àwọn òyìnbó onírun gígùn
tí jìtá wọn ń ké bí ẹni tí iná jó.

Ìyàwó rẹ̀ kò bá a sọ̀rọ̀ títí ọdún fi yí.

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé, tí a bá ti kó kòkó kúrò lórí ẹní,
á fi òwú nu ojú àwo,
á fẹ́ atẹ́gùn sí abẹ́rẹ́, á ní:
"Ẹ jókòó. Rọ́ọ̀kì nìyí.
Rọ́ọ̀kì ni òyìnbó ń pe àpáta."
A ó kọjú sí ọ̀nà Ìdànrè,
a ó rò pé ibẹ̀ ni ohùn náà ti ń bọ̀,
òkúta ńlá tí inú ń run.

Kò gbọ́ èdè tí wọ́n fi kọ ọ́.
Síbẹ̀ ó ń túmọ̀ rẹ̀ fún wa:
ọkùnrin yìí sọ ìyá rẹ̀ nù sínú òjò,
ẹ gbọ́ bí jìtá yẹn ṣe ń bẹ̀bẹ̀,
kò tíì rí i.
Ìtumọ̀ a máa yí padà.
Ọdún tí ìjì wó igi kòkó rẹ̀,
ọkùnrin inú àwo di àgbẹ̀.
Ọdún tí Fadérera ọmọ rẹ̀ kú
kò túmọ̀ ohunkóhun.
Ó kàn fi àwo sí i, ó kẹ̀yìn sí wa.

Ewúrẹ́ ló dá àpá sí i.
Ó fò lu tábìlì, abẹ́rẹ́ fa ojú àwo ya bí èékánná.
Bàbá gbé e sókè síná, ó wò ó títí,
ó ní, "Àpáta wo ni kò ní àpá?"
Láti ọjọ́ náà, bí olórin bá ti dé àárín,
á máa jẹ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́nu
bí akólòlò tó fẹ́ dárúkọ ara rẹ̀,
títí Bàbá yóò fi ìka lu tábìlì: kó!
Bẹ́ẹ̀ la ṣe mọ̀ ọ́n jó:
ẹsẹ̀ mẹ́ta lójú kan,
ìka kan,
ká tó lọ.

Lánàá, ní Àkúrẹ́, lẹ́bàá títì Ọ̀yẹ́mẹ́kùn,
mo dúró de ọmọkùnrin tó ń tún fóònù mi ṣe.
Orin náà jáde nínú sípíkà tí kò ju ìkúùkù lọ.
Ó mọ́. Ó mọ́ jù.
Ó dé àárín, kò kólòlò,
ó kọjá lára mi bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí.
Ẹsẹ̀ mi ti dúró dè é,
díẹ̀ ló kù kí n ṣubú.

Ìka mi lu gíláàsì: kó.

Ọmọ náà gbójú sókè. Kò tíì pé ogún ọdún.
"Mọ̀mí, ẹ mọ orin yìí? Kí ló ń sọ gan-an?"

Mo ti ka ọ̀rọ̀ orin náà rí, nígbà tí mo dàgbà.
Ọkùnrin kan ni, bẹntiróòlù tán nínú ọkọ̀ rẹ̀
lọ́nà ilé ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀.
Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.
Mo la ẹnu láti sọ ọ́,
ohun tó jáde ni:
"Ó sọ ìyá rẹ̀ nù sínú òjò."

Ó mi orí, ó yí ohùn rẹ̀ sókè.
"Mo ti fura," ló wí,
ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.