Ìgò Orí Kọ́bọ́ọ̀dù

Ìkorò-díẹ̀ ni wọ́n ń pè é nílẹ̀ wa,
amaretto, orúkọ tó ń parọ́ mọ́ ara rẹ̀:
ó wọ ẹnu, ó dùn,
ó dé ọ̀nà ọ̀fun kó tó rántí
pé inú kóró líle ni wọ́n ti yọ òun.

Bàbá àgbà Ottavio ló ṣe ti ìgò yẹn
lọ́dún tí yìnyín pa àjàrà wa.
Ó fi òòlù fọ́ kóró ápíríkọ́ọ̀tì lórí òkúta ẹnu ọ̀nà,
kò, kò, kò, títí ilẹ̀ fi ṣú.
Ó rẹ ẹ́ sínú ọtí líle, ó sun ṣúgà lé e,
ó sì kú kó tó sẹ́ ẹ.

Ìyá àgbà Ersilia ló sẹ́ ẹ, tòun taṣọ ọ̀fọ̀ lára.
Láti ìgbà náà, ṣíbí kan ṣoṣo lọ́dún,
ní oṣù kẹjọ, nígbà tí èso píìṣì bá rọ̀:
á là á sí méjì, á ha inú rẹ̀,
á rún bisikíìtì, á bu kòkó, á fọ́ ẹyin kan sí i,
ìgò á wá sọ̀ kalẹ̀.
Ṣíbí kan.
Á dé e padà bí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn yàrá
ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn.

Èmi Delfina, èmi àti Loris ọmọ alápatà,
a mu ún tán lálẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀.
Mo sun ṣúgà, mo bu omi lé e,
mo kán òróró olóòórùn tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù sí i.
Àwọ̀ rẹ̀ jọ ọ́. Mo dá ara mi láre.

Oṣù kẹjọ dé.
Ó ṣí ìdérí, ó fi sí imú,
ọwọ́ rẹ̀ dúró lófurufú
títí eṣinṣin kan fi yí àwo píìṣì ká lẹ́ẹ̀mejì.
Kò wo ojú mi.
Ó bu ṣíbí kan.
Ó bu òmíràn,
ó wá dojú ìgò dé, ó da gbogbo rẹ̀ sí i,
ohun tí a ti ń ṣọ́ fún ọdún mọ́kànlá.

Nídìí tábìlì, Gualtiero, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ń lá ìka:
"Ti ọdún yìí mà dùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ!"
"Ọwọ́ tuntun ló wà ńbẹ̀," Ìyá àgbà dáhùn,
ó sì bu omi mu.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo bá òòlù lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi
àti apẹ̀rẹ̀ kóró kan. Kò sí ọ̀rọ̀.
Mo lọ jókòó ti òkúta.
Kò, kò.
Mo gé èyí àkọ́kọ́ jẹ.
Ó korò.